Omi lítà mẹ́ta ààbọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n: orí ń fọ́ màmá, oorun ń kùn wọ́n

Àbíkẹ́_Bódìjà (Ọjọ́ Ajé, 6:48 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún 66 ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń tọ́jú. Oògùn méjì ni wọ́n ń lò láràárọ̀: amlodipine 5 mg, àti èyí tí wọ́n po amiloride pọ̀ mọ́ hydrochlorothiazide. Ẹnìkan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp pé kí wọ́n máa mu omi lítà kan ààbọ̀ bí wọ́n bá ṣe ń jí, kí wọ́n tó fọ ẹnu, pé ó ń fọ inú, ó ń lé ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn. Wọ́n ti ń ṣe é láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ti òwúrọ̀ yẹn, wọ́n tún ń mu píọ̀wọ́tà mẹ́rin sí i kí ọ̀sán tó pọ́n.

Láti ìparí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, orí ń fọ́ wọn, èébì ń gbé wọn, oorun ń kùn wọ́n lọ́sàn-án gangan, ẹsẹ̀ wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ranlẹ̀ tí wọ́n bá ń rìn. Lánàá, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. A ti yẹ ibà wò, kò sí. Ìfúnpá 128/76 ni. Ìtọ̀ wọn mọ́ gaara. Ṣé omi lè fa irú èyí? Báwo ni ó ṣe yẹ kí wọ́n máa mu ún?

Apòògùn_Ọ̀ṣogbo (7:20 àárọ̀)

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ má dúró kí gbogbo wa sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó gbéra.

Omi lè fà á, àmọ́ ó ní alábàáṣe. Hydrochlorothiazide inú oògùn kejì yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ó ń mú kí kíndìnrín da iyọ̀ sínú ìtọ̀, omi á sì tẹ̀ lé e. Bó ṣe ń mú ìfúnpá wálẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú kíndìnrín, ibẹ̀ náà ni kíndìnrín ti máa ń ya iyọ̀ kúrò lára omi kó tó lè da omi àpọ̀jù nù. Tí oògùn bá ti dí ibẹ̀, omi tó wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde bó ṣe yẹ. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, pàápàá tí kò bá sanra, ni ó máa ń ṣe jù.

Ohun tí ó ń lọ sílẹ̀ ni sodium, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. 135 sí 145 mmol/L ni ó yẹ kó jẹ́. Tó bá ti wà lábẹ́ 125, ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ lọ sí ilé àyẹ̀wò lónìí, ẹ ní kí wọ́n ṣe E/U/Cr, àyẹ̀wò iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àti iṣẹ́ kíndìnrín. Kò gba ààwẹ̀; ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà wò mọ́ ọn, nítorí ṣúgà tó bá ga gan-an máa ń fa sodium wálẹ̀, ó sì máa ń fa òùngbẹ.

Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí ọ̀rọ̀ wọn dàrú, tí gìrì mú wọn, tàbí tí ẹ jí wọn tí wọn kò tètè dáhùn, ẹ fi ilé àyẹ̀wò sílẹ̀. Ẹ má sì yà sí kẹ́mísì. Ilé ìwòsàn tó ní yàrá pàjáwìrì ni kí ẹ máa gbé wọn lọ. Ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ sọ yẹn kò dùn mọ́ mi nínú rárá.

Olómi_Tútù (7:41 àárọ̀)

Ẹ̀yin oníṣègùn òyìnbó, ẹ̀rù ni ẹ máa ń fi ba èèyàn. Omi ò lọ́tàá! Ife mẹ́jọ lójúmọ́ ni wọ́n kọ́ gbogbo wa nílé ìwé. Kíndìnrín tó bá pé, á tọ èyí tó bá ṣẹ́kù dànù. Kí wọ́n yé dá omi lẹ́bi, oògùn ni kí wọ́n bá wí. Tó bá sì jẹ́ pé iyọ̀ ló dín, kí màmá bu ṣíbí iyọ̀ kan sínú omi àárọ̀ yẹn, ó parí.

Nọ́ọ̀sì_Àríkẹ́ (8:05 àárọ̀)

Olómi_Tútù, kò parí o. Kí ẹnikẹ́ni má bu iyọ̀ sómi fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé ẹ ti gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni, nígbà tí Ebola wọ Èkó, tí àwọn èèyàn ń pe ara wọn lóru pé kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún? Nínú oṣù yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, èèyàn méjì ti ti ara omi iyọ̀ kú ní Nàìjíríà. Ṣíbí ìmutíì kan tí a gé ojú rẹ̀ gba iyọ̀ bíi gíráàmù 6. Gíráàmù 5 ni àjọ yẹn ní kí àgbàlagbà má dé lójúmọ́, ti inú ọbẹ̀ àti búrẹ́dì wà níbẹ̀.

Ní ti kíndìnrín, òótọ́ lẹ sọ pé ó ń da àpọ̀jù omi nù, àmọ́ ó níye tó lè dà nù. Ti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kì í ju nǹkan bíi lítà kan lọ ní wákàtí kan. Píọ̀wọ́tà méjì nìyẹn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 50 cl. Ti àgbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò tó bẹ́ẹ̀, ti ẹni tó ń lo oògùn yẹn tún kéré sí i. Màmá sì ń da mẹ́ta sínú òfìfo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó mu lítà mẹ́ta láti àárọ̀ dalẹ́ lè má mọ nǹkan kan. Kí ẹni náà gan-an mu lítà mẹ́ta láàárín wákàtí kan, ó lè dèrò ilé ìwòsàn.

Ara tún lè pàṣẹ fún kíndìnrín pé kó di omi mú nígbà tí kò yẹ. Họ́móònù kan tí wọ́n ń pè ní ADH ló ń ṣe é. Ìrora, èébì, àárẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, òtútù àyà, gbogbo wọn ló ń mú kó tú jáde. Nítorí náà, nígbà tí èèyàn bá ń bì, tí a tún ń rọ ọ́ pé "mu omi, mu omi", a lè máa dá kún ìṣòro.

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ dá omi àárọ̀ yẹn dúró lónìí. Kí wọ́n mu nígbà tí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n, ìdajì ife, títí èsì á fi jáde. Kí wọ́n sì fi oògùn ìfúnpá sílẹ̀ títí dókítà á fi rí wọn.

Apòògùn_Ọ̀ṣogbo (8:17 àárọ̀)

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká ya méjèèjì sọ́tọ̀. Amlodipine kò ní ẹjọ́ kankan láti rò níbí. Ẹsẹ̀ wíwú ló mọ̀ ọ́n fà. Tí wọ́n bá fi òun náà sílẹ̀, ìfúnpá lè ga lójijì. Èyí tó ní hydrochlorothiazide nìkan ni kí wọ́n má lò lónìí, kí ẹ sì pe dókítà tó kọ ọ́ fún wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ má kàn fi í sílẹ̀ títí lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn oògùn mìíràn tó ń bá omi dìtẹ̀ wà, fún àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí: carbamazepine tí àwọn oníwárápá ń lò, fluoxetine àti sertraline tí wọ́n fi ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àti desmopressin tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń tọ̀ sílé. Òfin desmopressin le jù lọ: láti wákàtí kan kí ọmọ tó lò ó títí di wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ máa mu omi bó ṣe wù ú.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Peckham (9:02 àárọ̀)

Mo fẹ́ fọ̀rọ̀ kún ti ife mẹ́jọ. Lọ́dún 1945, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, Food and Nutrition Board, kọ ọ́ pé lítà méjì ààbọ̀ ló tó àgbàlagbà lójúmọ́. Wọ́n fi kún un pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wà nínú oúnjẹ. Apá kejì yìí ni ayé gbé jù sílẹ̀. Heinz Valtin, onímọ̀ kíndìnrín ní Dartmouth, wá ẹ̀rí tó gbe ife mẹ́jọ lẹ́sẹ̀; nígbà tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 2002, ó ní òun kò rí i fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù ni lítà 2 fún obìnrin, lítà 2.5 fún ọkùnrin, gbogbo ohun tó wọ ẹnu ni wọ́n sì kà: tíì, ẹ̀kọ mímu, ọsàn, ọbẹ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú àmàlà fúnra rẹ̀.

Àǹtí, ìdí tí orí fi ń fọ́ wọn rèé. Ibi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí ni omi máa ń lọ. Tí iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ bá ti dín, omi á kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara, wọn á sì wú. Ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ráyè wú sí. Ti ọpọlọ kò ráyè, egungun agbárí kì í fẹ̀. Orí fífọ́ àti èébì ló ń ṣáájú, ìdàrúdàpọ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gìrì, lẹ́yìn náà kí èèyàn má jí mọ́.

Bó bá yá kánkán ló ń pa. Ní Sacramento, ní California, oṣù kìíní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ rédíò kan ṣe ìdíje ẹni tó lè mu omi jù láìtọ̀. Obìnrin ọmọ ọdún 28 tó kópa níbẹ̀ ráhùn orí fífọ́, ó lọ sílé, ọjọ́ náà gan-an ló kú. Ní 2009, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là fún ẹbí rẹ̀. Omi tó mọ́ tóní ni wọ́n bu fún un o, kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọpọlọ máa ń rọra tú lára iyọ̀ tirẹ̀ jáde kó má bàa wú jù. Ìdí nìyẹn tí ti màmá fi jẹ́ oorun àti ìgbàgbé, tí kì í ṣe gìrì. Àmọ́ ọpọlọ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá sáré dá iyọ̀ padà sí ẹ̀jẹ̀, ẹ óò ṣe é léṣe lọ́nà mìíràn.

Olómi_Tútù (9:30 àárọ̀)

Èèmọ̀ rèé. Ṣé ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lóòrùn náà kò gbọ́dọ̀ mu omi mọ́?

Ìyá_Jagunjagun (10:11 àárọ̀)

Ìbéèrè Olómi_Tútù yìí ló mú mi wọlé. Ẹ rọra o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ka ohun tí ẹ kọ lókè yìí tí wọ́n sì dín omi kù, wàhálà ni wọ́n fẹ́ rí.

Ẹ̀yin tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde (SS, SC), ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín bó ṣe kan màmá. Kíndìnrín yín kò lè mú ìtọ̀ ki. Yálà ẹ mu omi tàbí ẹ kò mu, ó ń da omi nù, ẹ̀jẹ̀ á sì ki, ìrora á gbéra. Lítà mẹ́ta lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń dá fún àgbàlagbà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ nígbà ooru tàbí ibà. Ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ni bí ẹ ó ṣe pín in: píọ̀wọ́tà kan láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta láti àárọ̀, kí ẹ má gbé mẹ́ta mu lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ẹ gbàgbé láti àná.

Ẹni tí òkúta ti wà rí nínú kíndìnrín rẹ̀ náà ń bẹ: ó gbọ́dọ̀ mu tó kí ìtọ̀ rẹ̀ tó lítà méjì ààbọ̀ lójúmọ́. Ìtọ̀ ni mo wí, kì í ṣe omi tó mu. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóòrùn lè fi òógùn pàdánù ju lítà kan lọ ní wákàtí kan, kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ jẹ́ kí kálukú mọ ẹgbẹ́ tó wà.

Nọ́ọ̀sì_Àríkẹ́ (10:26 àárọ̀)

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ fi ẹgbẹ́ kẹta kún un: ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára. Tiwọn ni pé díẹ̀ gan-an ti pọ̀ jù. Ẹni tó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n máa ń wọ̀n, wọ́n á fi 500 ml kún un, òun ni gbogbo omi ọjọ́ náà, tíì àti ọbẹ̀ àti yìnyín mọ́ ọn. Tí ìwọ̀n ara bá fi kìlógíráàmù kan ròkè láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lítà omi kan ló jókòó sára yẹn, kì í ṣe ọ̀rá.

Àwọ̀ ìtọ̀ wúlò fún ẹni tí ara rẹ̀ dá: kó pọ́n díẹ̀ bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi omi là. Tó bá mọ́ gaara láti àárọ̀ dalẹ́, omi ti pọ̀. Àmọ́ ẹni tó ń lo B-complex, yẹ́lò gbòò ni tirẹ̀ bó ti wù kó mu omi tó, ẹni tó sì ń lo oògùn tó ń fa ìtọ̀ kò lè fi àwọ̀ mọ nǹkan kan.

Àbíkẹ́_Bódìjà (1:15 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Èsì ti jáde: sodium 121, potassium 3.6, creatinine tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ dára, ṣúgà 98. Ilé ìwòsàn la wà báyìí, wọ́n ti dá wọn dúró síbẹ̀. Wọ́n ti gba oògùn yẹn lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní omi wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá lítà kan lójúmọ́, wọ́n sì tún fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bínú pé kí ló dé tí wọn kò fi dírípù dextrose fún wọn kí agbára lè dé. Kí ni kí n sọ fún un?

Apòògùn_Ọ̀ṣogbo (1:40 ọ̀sán)

Ẹ sọ fún wọn pé dextrose 5% tí kò ní iyọ̀, omi ni. Bí ó bá wọ ara tán, ara á jó ṣúgà inú rẹ̀, omi lásán ni yóò ṣẹ́kù, sodium á sì tún já wálẹ̀. Dírípù "ara mi ò le" tí àwọn kẹ́mísì àdúgbò máa ń fà fún àwọn àgbà léwu fún irú wọn gan-an, nítorí kò sẹ́ni tó yẹ sodium wò kó tó so ó kọ́.

Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lónìí: tí hydrochlorothiazide bá ti ń kúrò lára, kíndìnrín á jí padà lójijì, á bẹ̀rẹ̀ sí í tu omi dànù, sodium á sì fẹ́ sáré gòkè fúnra rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi ju 8 mmol/L lọ ní wákàtí 24. Láti 121, kó wà ní 129 ní ọ̀sán ọ̀la, ó ti tó. Tó bá sáré jù, ó lè ba àárín ọpọlọ jẹ́, àpá rẹ̀ sì lè hàn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀: ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu, kí nǹkan máa há lọ́fun, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò ní gbé dáadáa. Nítorí náà, ẹ ṣàkíyèsí ìtọ̀ wọn. Tó bá ń rọ́ jáde lítà lórí lítà lálẹ́ òní, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ìròyìn ayọ̀.

Tí wọ́n bá ń dá wọn sílẹ̀, ẹ bi dókítà léèrè oògùn ìfúnpá mìíràn, kí ẹ sì ní kó kọ ọ́ sínú káàdì wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ lo irú èyí mọ́. Ó máa ń padà wá tí wọ́n bá tún lò ó, kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ yẹ sodium wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Sárésáré_Surulere (4:33 ìrọ̀lẹ́)

Kí Ọlọ́run fún màmá ní àlàáfíà. Ẹ jẹ́ kí n ba àwọn tó ń múra eré Èkó sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí ìlànà "mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́" ṣì ń jà láàárín wa.

Eré Comrades ní South Africa, bíi kìlómítà 90 láàárín Durban àti Pietermaritzburg, ni ọ̀jọ̀gbọ́n Tim Noakes ti kọ́kọ́ rí sárésáré tí omi àmujù dá dùbúlẹ̀, ní 1981. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò níparí eré Boston ti 2002, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní sodium tó kéré, mẹ́ta nínú wọn wà ní 120 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe jù ni àwọn tó wúwo sí i lẹ́yìn eré ju ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ, àti àwọn tó lò ju wákàtí mẹ́rin lọ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń rọra sáré ló ń ráyè dúró nídìí gbogbo tábìlì omi.

Bí ẹ ó ṣe mọ tiyín: ẹ tọ̀, ẹ wọn ara yín láìwọ bàtà, ẹ sáré wákàtí kan, ẹ nu òógùn, ẹ tún wọ̀n. Tí 70 kg bá di 69.2 tí ẹ sì mu 400 ml lójú ọ̀nà, 1.2 lítà ni òógùn yín. Ẹ má mu tó ìyẹn ní wákàtí kan. Kí ara fi 1 sí 2% fúyẹ́ níparí eré kì í ṣe ewu. Tí ẹ bá wúwo sí i, tí òrùka há mọ́ ìka, tí ara sì ń wú, ẹ dá omi dúró.

Ẹ má sì fọkàn tán àwọn ohun mímu eléré ìdárayá inú ike. Sodium inú wọn jẹ́ bíi 20 mmol/L. Ti ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 140. Tí ẹ bá mu ún jù, ó ń la ẹ̀jẹ̀ bí omi ṣe ń là á, ó kàn pẹ́ díẹ̀ sí i ni.

Fún àwọn tó ń tọ́jú sárésáré: ẹni tó ṣubú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ẹ fi ọwọ́ kan ara rẹ̀, ẹ wọn ìgbóná rẹ̀ kí ẹ tó bu omi sí i lẹ́nu. Tí ara rẹ̀ bá gbóná kọjá 40, ẹ fi omi tútù wẹ̀ ẹ́. Tí kò bá gbóná, tó ń bì, tí ikùn rẹ̀ ń dún gbọnrangbọnran, sodium ni kí ẹ fura sí. Ìtọ́jú rẹ̀ ni saline 3% (dírípù omi iyọ̀ tó ki), 100 ml láti inú iṣan, a lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín. Dókítà ló ń ṣe é.

Agbẹ̀bí_Iléṣà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀)

Kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu ba ọmọ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ni omi ń tètè bá jà. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò omi, kò nílò àgbo, kódà nígbà ọyẹ́. Nǹkan bíi ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún wàrà ọmú jẹ́ omi. Ìyá àgbà á ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Kí ìyá rẹ̀ fún un lọ́mú. Kíndìnrín ọmọ náà kò tíì gbó, kò lè da omi nù bíi tàgbà. Ife kékeré mélòó kan ti lè mú gìrì bá a. Gìrì omi kì í bá ibà wá: ara ọmọ á tutù, ojú rẹ̀ á wú díẹ̀, oorun á pọ̀ jù. Ẹ má fi ìtọ̀ màálù rà á lára tàbí kí ẹ fún un mu. Ó ń já ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó ń dí èémí. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ọ̀nà kejì tí omi ń gbà wọlé ni agolo wàrà. Owó rẹ̀ ti ga, àwọn ìyá kan ń là á kó lè pẹ́. Bí ara agolo bá ní ṣíbí kan sí 30 ml, ṣíbí mẹ́rin sí 120 ml ni, omi ló sì ń kọ́kọ́ wọ ìgò. Ẹ lo ṣíbí inú agolo náà, kì í ṣe ti agolo mìíràn.

Aboyún tó ń rọbí náà: oògùn oxytocin tí a ń fi sí dírípù láti mú kí ìrọbí yára, ìṣe rẹ̀ fara jọ ti ADH tí nọ́ọ̀sì sọ. Tí ó bá ń gba èyí fún wákàtí púpọ̀, tó tún ń gbé omi mu bí ìrora bá ti dé, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ máa kọ iye tó wọlé àti iye tó tọ̀ sílẹ̀. Kó máa mu ún bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, ìwọ̀nba ẹnu díẹ̀.

Olómi_Tútù (6:40 àárọ̀)

Mo gbọ́ o. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ń kọ́? Ṣíbí iyọ̀ kan, ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá sínú igo bíà kan, bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀ ọ́n.

Agbẹ̀bí_Iléṣà (7:02 àárọ̀)

Ó dáa tí ẹ béèrè. Ìlànà àtijọ́ tí wọ́n kọ́ àwọn ìyá ní Nàìjíríà nìyẹn, 60 cl omi, àmọ́ ṣíbí 3 ml ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí ìmutíì tó pọ̀ lọ́jà báyìí jẹ́ 5 ml. Tí ẹ bá fi í ṣe é, iyọ̀ inú omi yẹn á ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ, yóò sì máa fa omi jáde lára ọmọ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ lè fi ṣíbí 5 ml ṣe nìyí: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí ṣúgà mẹ́fà, ìdajì ṣíbí iyọ̀, kí ẹ gé ojú ṣíbí kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Píọ̀wọ́tà 50 cl méjì ni lítà kan.

ORS inú ọ̀rá láti kẹ́mísì ló dára jù, ó ní potassium. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó pò ó, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ti lítà kan. Ẹ má là á kó lè pọ̀, ẹ má sì pín ọ̀rá kan sọ́nà méjì. Ẹ pò ó tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ da ohun tó bá ṣẹ́kù nù lẹ́yìn wákàtí 24.

Àdùkẹ́_Àkúrẹ́ (9:18 àárọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìbéèrè. Lọ́la ni mo fẹ́ lọ ṣe síkáànù abẹ́ ikùn. Wọ́n ní kí n mu omi púpọ̀ kí n má sì tọ̀, wọn kò sọ iye. Àwọn tí mo rí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ gba ọjọ́, ìgò ńlá ńlá ni wọ́n ń dà sọ́fun lórí ìlà.

Nọ́ọ̀sì_Àríkẹ́ (9:35 àárọ̀)

Àdùkẹ́, píọ̀wọ́tà kan ààbọ̀ sí méjì ti tó, ìyẹn 75 cl sí lítà kan. Bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún ní nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ kí àkókò rẹ tó pé, mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú 30, má tọ̀ mọ́. Yóò gbà tó wákàtí kan kí àpò ìtọ̀ tó kún. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe nìyẹn: tí àpò kò bá tíì kún nígbà tí a pè wọ́n, wọ́n á tún da lítà kan mọ́ ọn, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á dé lẹ́ẹ̀kan náà, inú á máa ro wọ́n, òmíràn á bì. Ṣe ni kí o jókòó dúró. Tí ìlà bá gùn tí ìtọ̀ sì gbọ̀n ọ́ jù, sọ fún wọn; o lè tọ̀ díẹ̀ sínú ife kan kó rọ̀ ọ́, àpò á ṣì kún tó.

Tó o bá ní àìsàn kíndìnrín tàbí ti ọkàn, tàbí o ń lo oògùn tó ń fa ìtọ̀, sọ ọ́ kí o tó mu ohunkóhun. Bi wọ́n pẹ̀lú bóyá láti ojú abẹ́ ni wọ́n fẹ́ ti yẹ̀ ọ́ wò. Tó bá jẹ́ ìyẹn, wàá tọ̀ tán pátápátá kí o tó gun bẹ́ẹ̀dì ni, kò gba omi kankan.